Ilẹ̀kùn Tó Ti Carey Street Wálé

Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú àpamọ́wọ́ Ìyìnfolúwa tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gùn, ó ti dípẹtà lẹ́nu, ó sì wúwo ju gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti béèrè títí, ó ti sú u. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bùkúnmi, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, mú un jáde tó ní, "Mọ́mì, kí ni èyí ń ṣí?", Ìyìnfolúwa dìde. Ó kọ́kọ́ bu omi sí ife, ó gbé e fún ọmọ náà, ó ní kó mu ún tán lójú òun. Ó ti mọ́ wọn lára nínú ilé yẹn. Ìyá wọn kì í bá ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ gidi láì kọ́kọ́ fún un lómi. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó. Òjò ń rọ̀ lórí páànù lọ́jọ́ náà, kò sì sí bí òjò ṣe lè rọ̀ lórí páànù kí ọkàn Ìyìnfolúwa má padà sí Monrovia ní Làìbéríà, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ẹni tí kò bá gbé Monrovia rí, kó má wulẹ̀ sọ pé òun mọ òjò. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, aṣọ kò ní gbẹ mọ́, bàtà á máa hu funfun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹja gbígbẹ á tún padà di tútù. Omi á kún dúrọ́ọ̀mù, á kún bàsíà, á kún ìkòkò, á sì kún bàtà ẹni tó bá gbàgbé bàtà síta. Ẹ fi í sọ́kàn pé omi pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọdún 1996 ni. Ìyìnfolúwa jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lékè sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Akínbíyì, bàbá wọn, ní ṣọ́ọ̀bù ní Carey Street, níbi tó ti ń ta àtùpà, ife àti àwo tánńganran. Bí Ìyìnfolúwa bá rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn, òórùn kẹrosíìnì àti ìwé ìròyìn tútù ló máa ń kọ́kọ́ dé imú rẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá ti ilé-ìwé dé, á da bàsíà kan dé, á jókòó lé e, á máa fi ìwé ìròyìn nu inú gíláàsì àtùpà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kéré tó láti wọ ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọ yìí ni ẹ̀rọ òun. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, òun àti Lékè á sá jáde sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n á ya ẹnu sókè, wọ́n á máa mu omi bó ṣe ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ayé dùn nígbà náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọdé kì í mọ̀ tí ayé bá dùn. Ìyìnfolúwa mọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni ogun tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìgboro, àwọn tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù kiri sì palẹ̀ gbogbo àdúgbò náà mọ́. Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀ tí Akínbíyì padà débẹ̀, wọ́n ti ṣí páànù òrùlé pàápàá lọ. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù. Igi ìrókò ni, ẹni tó bá fẹ́ jí i á ní láti wá ẹni kan kún ara rẹ̀, àwọn olè ọ̀hún sì ń kánjú. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ AKINBIYI AND SONS sí i gàdàgbà. Bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí bí. Ìyá Lékè, aya rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń wá ọmọkùnrin kejì tó wà lára ilẹ̀kùn. "Ó ń bọ̀ lọ́nà," ni ọkọ rẹ̀ máa ń fún un lésì. Kò dé. Ìyìnfolúwa ló dé.

Akínbíyì àti Lékè ló ru ilẹ̀kùn yẹn láti Carey Street dé Jallah Town, níbi tí wọ́n háyà yàrá kan sí nínú ilé onídìílé márùn-ún. Wọ́n sinmi ní gbogbo oríta. Sójà ECOMOG kan, lára àwọn tó wá pẹ̀tù sí ogun náà, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwọn, dá wọn dúró, ó ní, "Oga, wetin be dis?" Akínbíyì nu òógùn ojú rẹ̀. "Na my shop," ló fi dá a lóhùn. Sójà náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ti fara ti ògiri nínú yàrá wọn, tó gba ibi tí ènìyàn méjì ì bá fi sùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Akínbíyì á fi àkísà àti òróró pa á títí á fi máa dán. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn. "Lékè," á ní, "lọ́jọ́ tó o bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kọ́kọ́rọ́ yìí di tìrẹ. Carey Street ń dúró dè wá." Ó gbà á gbọ́ gan-an ni. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe igi lójú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà ló wà níbẹ̀ tó dúró.

Oṣù kẹfà ni nǹkan oṣù Ìyìnfolúwa dé. Ìyá rẹ̀ fa ìró àtijọ́ kan ya fún un, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lò ó, ó sì fi ibi tí yóò máa sá a sí hàn án, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o, tí ojú oòrùn náà kò sì ní tó o. Lẹ́yìn náà ló wá ka òfin sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ wẹ òjò mọ́. Kò gbọdọ̀ bá Lékè lọ gbé gàrí ní ọjà Duala mọ́, kò sì gbọdọ̀ sáré láàárín ìta. "O ti di obìnrin," ni ìyá rẹ̀ wí, tí kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ojú àwọn ènìyàn ti wà lára rẹ báyìí."

Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú ni ti ṣáláńgá. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ní òdìkejì ọ̀nà tóóró kan, ìdílé márààrún ló sì ń lò ó. Nígbà ogun oṣù kẹrin tí kò sí igi ìdáná, àwọn ará ilé ti fi ilẹ̀kùn rẹ̀ se oúnjẹ. Àpò ìrẹsì ni wọ́n wá fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé àpò náà bó ṣe wù ú. Ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, lórí afárá gọ́tà, ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti gbé ìbọn rí máa ń jókòó ta dráàfù látàárọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó wọlé, wọ́n mọ ẹni tó jáde, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa oníkálukú. Àwọn abilékọ a máa bú wọn padà. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn kò ní wàhálà kankan, ògiri wà.

Ìyá Lékè ní ọmọbìnrin tó ti bàlágà kì í lọ síbẹ̀ lójú ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ tí ojú bá ti ń ṣú ni kó máa lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìyá tiẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí sójà ní agboolé ìyá tiẹ̀. Ní Monrovia, òfin kónílé-ó-gbélé ń bẹ, tó bá ti di aago méje, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ọ̀nà, ìbọn ló máa bá a sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá wo ìgbà tí ojú ń ṣú àti aago méje, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìyìnfolúwa ní, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Póò wà nínú yàrá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní òun kò tíì gbọ́ ibi tí ọmọbìnrin tó ti dàgbà ti ń jókòó lé póò níwájú bàbá rẹ̀.

"Tí omi bá kéré nínú rẹ, ìtọ̀ kò ní máa gbọ̀n ọ́," ni Ìyá Lékè wí. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ife tánńganran tó kù fún wọn, ó fi hàn án. Ife kan láàárọ̀, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó tún fẹnu kan omi. "Èmi náà dì í mọ́ra nígbà tèmi. Kò pa mí."

Ìyìnfolúwa jẹ́ ọmọ tó máa ń gbọ́ràn. Òjò ń rọ̀, dúrọ́ọ̀mù ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun sì jókòó nínú ilé pẹ̀lú ètè gbígbẹ. Lékè á ti Duala dé, á ki ife bọ inú dúrọ́ọ̀mù, á mu ún, á tún bu òmíràn, á gùnfẹ̀, á sì gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Ìyìnfolúwa á máa wo gògóńgò rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

"Ṣé kí n bu fún ọ?" Lékè bi í lọ́jọ́ kan.

"Òùngbẹ kò gbẹ mí."

"Irọ́ lo ń pa. Dìde, jẹ́ ká lọ, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, màá di àpò yẹn mú fún ọ."

Ìyá wọn gbọ́ láti ibi tó ti ń ṣa ìrẹsì. "Ọkùnrin wo ló ń ṣọ́ ṣáláńgá obìnrin?" ló bi í. Ojú ti Lékè, ó bá jáde lọ. Ó wù ú kó ṣọ́ àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní obìnrin lórí afárá gọ́tà.

Ma Kebbeh ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ọmọ Làìbéríà ni, ó ń dín ẹja tà, ó sì ní ọmọbìnrin mẹ́ta nínú ilé kan náà. Ó wá bá Akínbíyì ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ìrókò. "My man, leh we put da door on the toilet, ya. The girls them suffering."

"Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi?" Akínbíyì fi Yorùbá sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi èdè tí obìnrin náà gbọ́ sọ fún un pé Carey Street lòun ń gbé e padà lọ, kò ní pẹ́ mọ́. Ma Kebbeh mi orí, ó lọ. Ìyìnfolúwa wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà bàbá rẹ̀ pa ilẹ̀kùn náà lóróró lẹ́ẹ̀mejì, kì í sì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje, ìtọ̀ ti ń ta Ìyìnfolúwa bí ata. Ó máa ń ki etí ìró bọnu kó tó tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi tó kéré sí ife kan, torí ó rò pé bí omi bá kéré sí i, ìrora náà á kéré sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà dé, òtútù mú un títí eyín rẹ̀ fi ń gbá ara wọn. Kò sọ ibi tó ń dùn ún. Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan náà tí bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà? Ìyá rẹ̀ fún un ní kulorokúìnì, oògùn ibà. Pásítọ̀ Adégòkè wá gbàdúrà fún un, ó fi òróró sí i níwájú orí. Ọlọ́run mọ̀ pé ọkàn kan ni gbogbo wọn fi ṣe é, ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn ún jìnnà sí iwájú orí.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù kẹjọ ni ó ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń kọrin ọpẹ́. Ọláwùnmí ló gbé e nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó bá àwọn ECOMOG wá láti Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló sì máa ń wá tí iṣẹ́ bá fún un láyè. Ó bá wọn délé, ó tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ ìhà. Ìyìnfolúwa lọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ọláwùnmí wo ètè rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀.

"Ife omi mélòó lo ń mu lójúmọ́?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ife kan," ni Lékè wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò bi ọ́."

"Ẹ ò bi mí, Àǹtí, ṣùgbọ́n kò ní sọ."

Ọláwùnmí yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo ń mu?"

Lékè ronú sí i. "Mi ò kà á rí."

Nọ́ọ̀sì náà padà sọ́dọ̀ ọmọ tó dùbúlẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé kí ló dé tí kì í mu omi nígbà tí omi kún ìta. Gbogbo wọn ń dúró. Ìyìnfolúwa mọ̀ pé tí òun kò bá sọ ọ́ báyìí, kò tún sí ìgbà mìíràn. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó yí orí sí ògiri, ìrókò aláwọ̀ ewé yẹn ló sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ gàdàgbà.

"Kò sí ilẹ̀kùn," ló wí.

Akínbíyì jókòó sórí àpótí, ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú.

Ọláwùnmí bá àwọn òbí náà sọ̀rọ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Ó ní àìsàn ti wọ ilé ìtọ̀ ọmọ yìí, ó ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín. Òun á máa wá gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje. "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè dá a ṣe. Ó gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kó sì máa tọ̀ nígbàkúùgbà tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan. Tó bá tún ń dì í mọ́ra, ọmọ yìí lè má rí ìparí ọdún."

"Èmi náà dì í mọ́ra," ni Ìyá Lékè wí, ohùn rẹ̀ ò sì le mọ́. "Kò pa mí."

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín, tí ẹ ń gba oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù ńkọ́, mà?"

Ìyá Lékè jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń sunkún.

Akínbíyì dìde. "Lékè, gbé orí kejì." Wọ́n gbé ilẹ̀kùn jáde sínú òjò. Ìyìnfolúwa kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níta, Lékè ló wá ròyìn rẹ̀ fún un nígbà tó yá. Ó ní ìrókò náà ga ju ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá lọ, ó fi bí ẹsẹ̀ kan ga jù. Bàbá wọn wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n, ó wá dúró pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé tí òun bá ti gé e, kò lè bá ẹnu ọ̀nà kankan mu mọ́ ní Carey Street. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ orí afárá gọ́tà pariwo, ó ní, "Papay, you opening shop in the toilet?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. "Yes," ni Akínbíyì dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tó kù kí wọ́n kan án, ọmọ tó pariwo yẹn náà ló fi dráàfù sílẹ̀, tó wá bá wọn di òkè rẹ̀ mú. Ohùn ayùn nìkan ni Ìyìnfolúwa gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Bàbá rẹ̀ wọlé, ó rin gbingbin. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Lékè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti ṣèlérí fún un sì ni. Ọwọ́ Ìyìnfolúwa ni Akínbíyì fi í sí.

"Ìwọ ni kó o máa mú un lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Lékè ńkọ́?" ni Ìyìnfolúwa bi í.

"Lékè ní ògiri," ni bàbá rẹ̀ wí. Lékè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ bu omi sí ife tánńganran, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ó bu ìkejì. Ó bu ìkẹta, kò sì ka òfin kankan. Nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n Ìyìnfolúwa, ọ̀sán gangan ni. Ó fara ti èjìká ìyá rẹ̀, ó gba àárín ọ̀nà kọjá, Akínbíyì sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú agbòjò. Ọmọ náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá rẹ̀ ti da ojú ilẹ̀kùn sínú kí wọ́n má baà máa ka orúkọ rẹ̀ lára ṣáláńgá, nítorí náà òun nìkan ló ń wò ó níbi tó lóṣòó sí, AKINBIYI AND SONS. Ìtọ̀ náà ta á, ó sunkún, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ó rò pé ó ti yẹ kí òun jáde, torí ó ti mọ́ ọn lára láti máa sáré ṣe é. Bàbá rẹ̀ dúró níta, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí àwọn tó ń ta dráàfù.

"Má kánjú," ni ohùn rẹ̀ wí láàárín òjò. "Má kánjú rárá."

Ara rẹ̀ yá kí oṣù kẹjọ tó parí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá bá a, ó na ọwọ́ láì wo ojú rẹ̀, ó ní, "Fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Ọ̀sán ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn rí. Nígbà tí Akínbíyì tún bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́dún kejì, abẹ́ tapólì ló ti ń ta àtùpà ní Duala, àwọn ojúlùmọ̀ a sì máa bi í pé ibo ni ilẹ̀kùn ìrókò rẹ̀ wà. "Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," ló máa ń sọ fún wọn, á sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun tún dé lọ́dún 2003 tí wọ́n kó padà sílé ní Nàìjíríà, Ma Kebbeh ní kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn wọn. Akínbíyì ní kó wà níbẹ̀. Ó pààrọ̀ lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn náà, ó sì ní kí Ìyìnfolúwa máa mú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lọ. Ọkùnrin náà ti kú báyìí. Ìyìnfolúwa ń ṣàárò rẹ̀, àti òjò yẹn, àti òórùn kẹrosíìnì. Ó tiẹ̀ ń ṣàárò àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin orí afárá gọ́tà.

Bùkúnmi gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin, kò já ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. "Ṣé ilẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Ìyìnfolúwa wí. Òótọ́ ni, kò mọ̀.

Ọmọ náà gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, ó dìde, omi tó mu ti ń ṣiṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn. Òjò ṣì ń rọ̀. Ìyìnfolúwa di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ àyà, kò sì mọ ìgbà tó gbé ohùn sókè láti pálọ̀.

"Bùkúnmi, má kánjú."